Ẹ yéé kí ọmọ onílé káàbọ̀: bí sínágọ́gù yín ṣe lè gba ọmọ Júù tí ìran méjì pàdé lára ẹ̀

Ọmọ mi obìnrin ń lọ sí ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tó bi mí nínú mọ́tò pé, "Mọ́mì, kí ló dé tí wọ́n máa ń kí mi káàbọ̀ ní gbogbo Sátidé, ṣé mo rìnrìn-àjò ni?" Mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. London la wà, bàbá ẹ̀ Júù ni, àwọn òbí bàbá ẹ̀ náà Júù, èmi ní tèmi ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, ọmọ ìjọ Baptist, mi ò kúrò níbẹ̀ mi ò sì ní in lọ́kàn. Sínágọ́gù tá à ń lọ ní Sátidé, ìyẹn ilé ìjọsìn àwọn Júù, ibẹ̀ la ti sọ ọmọ yìí lórúkọ, ibẹ̀ ló ti kọ́ lẹ́tà Hébérù, ó mọ ibi tí wọ́n ń kó ṣíbí sí ní kíṣìnnì ju àwọn tó ń kí i lọ, síbẹ̀ káàbọ̀ ni wọ́n ń kí i torí pé àwọ̀ ẹ̀ àti irun ẹ̀ jọ tèmi. Lọ́dọ̀ tiwa, àlejò àti ẹni tó ti ọ̀nà dé là ń kí káàbọ̀. Ọmọ tó jí nínú ilé, wọ́n á ní ṣé o sùn dáadáa, wọ́n á sì ní kó lọ mú ìgbálẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kọ nìyẹn o. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti wà nínú kọmití tó ń gba àwọn èèyàn níbẹ̀, a ti ṣe àṣìṣe púpọ̀, a sì ti rí èyí tó ṣiṣẹ́. Bóyá ẹ wà nínú sínágọ́gù tó ti wà tipẹ́ ni o, tàbí ẹ̀yin ìdílé mẹ́rin márùn-ún lẹ fẹ́ máa pàdé nílé ara yín lálẹ́ Fúráìdè, iṣẹ́ kan náà ni.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó wà nínú ilé

Àwọn kan á ní "àwọn bẹ́ẹ̀ ò pọ̀ lọ́dọ̀ wa." Irọ́ ni, ẹ ò tíì wò dáadáa ni. Àjọ Pew Research ṣe ìwádìí lórí àwọn Júù Amẹ́ríkà ní 2020, wọ́n ní wọ́n tó mílíọ̀nù 7.5, nínú ọgọ́rùn-ún wọn 17 ló ń gbé nínú ilé tí ó kéré tán ẹnì kan ti jẹ́ aláwọ̀ dúdú, tàbí ọmọ Éṣíà, tàbí ọmọ Látìn Amẹ́ríkà, tàbí ọmọ ìran méjì. Àwọn tó sì ṣègbéyàwó láti 2010, 61 nínú ọgọ́rùn-ún ló fẹ́ ẹni tí kì í ṣe Júù. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ń bọ̀ wá kàwé lọ́dọ̀ yín.

Bí a ṣe ṣe é: a tẹ pẹ́pà kan tó ní ìbéèrè kan ṣoṣo, "Èdè wo ni màmá àgbà yín ń sọ nílé?" a sì fún gbogbo èèyàn, látorí rábì tó jẹ́ olórí ìsìn dórí ẹni tó ń tún iná ṣe. Gbogbo èèyàn ni mo sọ o, torí tẹ́ ẹ bá fún àwa dúdú nìkan, ẹ ti tún yà wá sọ́tọ̀ nìyẹn. Ìdáhùn tó wá yà wá lẹ́nu. Ẹnì kan tí a ti ń pè ní òyìnbó London láti ogún ọdún, Lárúbáwá ni màmá àgbà ẹ̀ ń sọ, láti Baghdad. A lẹ gbogbo ẹ̀ mọ́ ògiri, Yorùbá wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì orí ẹ̀.

2. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ òfin pamọ́ fáwọn òbí

Èyí le, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Láàárín Júù, kì í ṣe gbogbo ìjọ ló gbà pé ẹnì kan náà ni Júù. Ìjọ Orthodox àti ìjọ Conservative, tí wọ́n rọ̀ mọ́ òfin àtijọ́ ju àwọn yòókù lọ, ní ìyá gbọ́dọ̀ jẹ́ Júù, àbí kí èèyàn yí padà fúnra ẹ̀ níwájú ilé ẹjọ́ àwọn rábì mẹ́ta kó sì wọ inú omi ìwẹ̀nùmọ́. Ìjọ Reform ti Amẹ́ríkà sọ ní 1983 pé bó jẹ́ bàbá ni o tàbí ìyá, ọmọ tí wọ́n bá tọ́ bíi Júù, tó sì ń ṣe bíi Júù, Júù ni, ìjọ Liberal ti Bìrìtìkó náà gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé ẹ̀ fún àbúrò bàbá mi lórí fóònù, ó ní "ṣebí bàbá ló ni ọmọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe lọ́dọ̀ gbogbo èèyàn.

Ibi tó ti ń dunni ni pé ọ̀pọ̀ sínágọ́gù tó gba àwọn ọmọ wa kì í sọ ọ́ fún wa pé ibòmíì lè má gbà wọ́n. Mo mọ ọmọkùnrin kan tó lọ síbi ayẹyẹ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ ní sínágọ́gù mìíràn, wọ́n fẹ́ pè é wá síwájú Tórà, ìyẹn ìwé òfin Mósè, ẹnì kan sáré wá sọ̀rọ̀ sétí rábì, wọ́n sì ní kó padà jókòó. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Kò sẹ́ni tó ti sọ fún un rí.

Nítorí náà, kí rábì jókòó pẹ̀lú ìdílé kọ̀ọ̀kan nígbà tọ́mọ ṣì kéré, kó sọ ohun tí ìjọ yín gbà, ohun tí àwọn yòókù gbà, àti ọ̀nà tó wà tí wọ́n bá fẹ́ ẹ, láìfipá múni. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí pẹ́pà ojú ewé kan tí wọ́n á mú lọlé, torí nínú ìpàdé bẹ́ẹ̀ orí èèyàn máa ń gbóná, kì í gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán.

3. Ẹnu géètì

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ lo àkókò jù sí.

Mi ò ní ní kẹ́ ẹ yọ sẹkiórítì kúrò. Ní October 27, 2018, ẹnì kan wọ sínágọ́gù Tree of Life ní Pittsburgh ó yìnbọn pa èèyàn mọ́kànlá. Ní Yom Kippur 2025, ìyẹn ọjọ́ ààwẹ̀ ètùtù àwọn Júù, October 2, wọ́n kọ lu sínágọ́gù kan ní Manchester níbí, èèyàn méjì bá a lọ. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu ò mọ ohun tó ń sọ. Èmi náà máa ń wẹ̀yìn nígbà tí mo bá ń kó àwọn ọmọ wọlé.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí. Alẹ́ Fúráìdè kan, ọkọ mi ṣíwájú, wọ́n ti jẹ́ kó kọjá, èmi àti ọmọ wà lẹ́yìn. Ọmọ yìí gbé challah dání, ìyẹn búrẹ́dì Sábáàtì tí wọ́n máa ń di bí irun, òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ pò ó tó sì dì í, ó dì í ní ọ̀nà mẹ́rin nígbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀, a fi ankárá wé e torí ó ṣì ń gbóná. Ọkùnrin tó wà lẹ́nu géètì na ọwọ́ dá wa dúró, ó ní kí ló wà nínú aṣọ yẹn, ẹ tú u. Ọmọ tú u. Ó wò ó, ó ní ta lẹ wá rí níbí? Ọmọ nawọ́ sí ọkọ mi tó ti wọlé lọ, ó ní "Dádì mi nìyẹn." Ọkùnrin náà wo ọkọ mi, ó wo ọmọ, ó tún wo ọkọ mi. Ìwò yẹn ni mi ò tíì gbàgbé. Nígbà tá a fi wọlé búrẹ́dì ti tutù, ọmọ sì kọ̀, kò fẹnu kàn án lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tá a jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, ohun tá a yí padà rèé. Ìbéèrè méjì kan náà ni wọ́n ń bi gbogbo èèyàn báyìí, títí kan bàbá àgbà tó ti wà níbẹ̀ ogójì ọdún, ó bínú lóṣù àkọ́kọ́, ó ti mọ́ ọn lára. Àlejò tuntun máa ń fi orúkọ ránṣẹ́ lórí ìmeèlì kó tó di Fúráìdè, lísìtì sì wà lọ́wọ́ ẹni tó wà ní géètì, kò sẹ́ni tó ń dúró sójú títì máa ṣàlàyé ìran ẹ̀. Ẹni tuntun tó bá máa ṣọ́ géètì á kọ́kọ́ wá lọ́jọ́ tí kì í ṣe ti iṣẹ́, á jẹun pẹ̀lú wa, àwọn ọmọ á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, á mọ̀ wọ́n lójú àti lórúkọ. Mẹ́mbà kan láti inú kọmití á máa dúró nínú géètì láti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, tí ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ò bá dá ẹnì kan mọ̀, mẹ́mbà yẹn ló máa pè, kò ní máa wádìí lẹ́nu ọmọ kékeré. Tí àṣìṣe bá wá ṣẹlẹ̀ náà, ẹ tọrọ àforíjì lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹni tó wà nípò tọrọ ẹ̀, kó sì tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ. Tiwa, ọkọ mi ni wọ́n pè lọ sí kọ̀rọ̀ lọ bẹ̀, wọ́n fi ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ sílẹ̀.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Lẹ́yìn tí ọlọ́pàá pa George Floyd, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà, ní 2020, àjọ àwọn Júù ilẹ̀ Bìrìtìkó tí wọ́n ń pè ní Board of Deputies gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, wọ́n fi Stephen Bush, akọ̀ròyìn tó jẹ́ Júù àti aláwọ̀ dúdú, ṣe alága ẹ̀, ìròyìn wọn jáde ní April 2021, àbá 119 ló wà nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ sẹkiórítì sì wà lára ẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kẹ́ ẹ kà á níbi ìpàdé, kì í ṣe lọ́jọ́ kan o, ẹ mú un díẹ̀díẹ̀.

4. Ìbéèrè tí ẹ ò gbọ́dọ̀ bi èèyàn nídìí oúnjẹ

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n máa ń mu wáìnì wọ́n á sì jẹ ìpápánu, kiddush ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bi àwọn ọmọ wa pé "báwo ló ṣe jẹ́ tó o fi jẹ́ Júù?" Ẹni tó bi í ò ní nǹkan kan lọ́kàn, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni, àmọ́ ẹni mẹ́jọ ló ti bi í kó tó kàn án, ìyẹn lọ́sẹ̀ yẹn nìkan. Wọ́n ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá èmi ni nání tó ń tọ́jú ọmọ, ọmọ tó ń mu ọmú mi lọ́wọ́.

Nínú Talmud, ìwé ẹ̀kọ́ àwọn rábì àtijọ́, tiwọn fúnra wọn ló wà pé tẹ́nì kan bá jẹ́ ọmọ àwọn tó yí padà di Júù, ẹ ò gbọ́dọ̀ sọ fún un pé "rántí ohun tí àwọn baba rẹ ń ṣe." Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ní ìgbà 36 ni Tórà kìlọ̀ lórí ọ̀rọ̀ àlejò, àwọn míì ní 46. Mo fẹ́ràn láti máa kà á fún wọn, torí pé kì í ṣe èmi ará ìta ló kó o wá.

Kí lẹ wá lè bi í? "Ṣé o ti jẹun?" "Wá jókòó ti wa." "Orin tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀kejì yẹn, ṣé o mọ̀ ọ́n?" Ìtàn ìran ẹ̀, á sọ ọ́ lọ́jọ́ tó bá wù ú. Ẹ má sì máa yìn ín jù, "ha, o mà mọ Hébérù kà o!" Ọmọ tó ti ń lọ kíláàsì láti ọmọ ọdún márùn-ún, kí ló máa kà tẹ́lẹ̀?

Ẹ kọ́ àwọn mẹ́mbà yòókù náà bí wọ́n ṣe máa dá sí i. Tẹ́nì kan bá ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè yẹn, kí ẹlòmíì wọlé wẹ́rẹ́, kó ní "ọmọ ilé yìí ni, ẹ bá mi gbé àwo yìí," kí ọ̀rọ̀ sì yí síbòmíì. Kò yẹ kó jẹ́ ọmọ náà láá máa gbèjà ara ẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

5. Orúkọ

Ibí dùn mọ́ mi. Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ń dá abẹ́ fún ọmọkùnrin tí wọ́n á sì sọ ọ́ lórúkọ, ọjọ́ kẹjọ là ń kómọ jáde lọ́dọ̀ tiwa náà. Nígbà ti ọmọ mi kejì, màmá mi wá láti Abẹ́òkúta, ó gbé oyin, iyọ̀, omi àti atare sórí àwo, rábì sì bi í ní ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fara balẹ̀ gbọ́. Ó ní àwọn náà máa ń fi èso ápù tọ́ oyin wò lọ́dún tuntun wọn kí ọdún lè dùn. Màmá mi ní "ẹ ò rí i."

Ẹ kọ orúkọ méjèèjì sínú ìwé, ti Hébérù àti ti Yorùbá, àbí ti Koria, àbí ti Jamáíkà. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń pè é, ẹ gbohùn ẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, kẹ́ ẹ tẹ́tí sí i kó tó di ọjọ́ tẹ́ ẹ máa pe ọmọ síwájú Tórà. Wọ́n máa ń pe èèyàn ní ọmọ lágbájá àti lágbájá. Ní sínágọ́gù tiwa wọ́n máa ń pe orúkọ ìyá tí kì í ṣe Júù náà, ẹ bi rábì tiyín léèrè.

6. Oúnjẹ, ẹ kọ̀wé ẹ̀ sílẹ̀

Ọdún tí mo kọ́kọ́ sè fún wọn, ẹ̀fọ́ rírò ni mo sè, mo sì da edé sí i bí mo ṣe máa ń ṣe. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Obìnrin kan fà mí sí ẹ̀gbẹ́ ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ fún mi, mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, àmọ́ ọbẹ̀ yẹn ò dórí tábìlì. Nítorí náà, ẹ lẹ ìwé mọ́ ara fíríìjì, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ nǹkan bí a ṣe ń pè é: edé, akàn, ìgbín, ẹja àrọ̀ kò sí nínú ohun tó bá kóṣà, ìyẹn òfin oúnjẹ àwọn Júù, mu. Ẹja gbọ́dọ̀ ní ìpẹ́ àti lẹbẹ, titus dáa. Ẹran gbọ́dọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ alápatà kóṣà, ẹ má sì fi bọ́tà tàbí mílíìkì sún mọ́ ọn. Irú ò láburú. Mọ́ínmọ́ín tí kò ní edé, dòdò, àkàrà, kò sí wàhálà. Lọ́dún Hanukkah tí wọ́n máa ń din nǹkan nínú òróró nítorí iṣẹ́ ìyanu òróró tẹ́ńpìlì, àkàrà ló kọ́kọ́ máa ń tán.

Àjọ̀dún Ìrékọjá ló ń dàrú mọ́ èèyàn lójú. Búrẹ́dì ò sí, gbogbo èèyàn mọ ìyẹn. Àmọ́ ìrẹsì àti ẹ̀wà, àwọn Júù tó ti Poland àti Jámánì wá kì í jẹ ẹ́ lásìkò yẹn nínú àṣà wọn, ọ̀pọ̀ àwọn tó ti Iraq wá ń jẹ ẹ́, nítorí náà ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó gbé jollof lọ. Iyán ni mo máa ń gún. Iṣu kì í ṣe ọkà, kò sẹ́ni tó lè bá mi jà.

Ohun kan ṣá o, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ jollof nìkan lẹ máa rántí wa.

7. Kíláàsì àwọn ọmọ

Tó bá jẹ́ ìtàn Poland àti Rọ́ṣíà nìkan lẹ fi ń kọ́ wọn, ẹ ń sọ fún ọmọ mi pé kò sí nínú ìtàn náà ni. Ẹ sọ nípa àwọn Júù Ethiopia, pé ní May 1991 bàálù kó èèyàn tó lé ní 14,000 láti Addis Ababa lọ sí Ísírẹ́lì láàárín wákàtí 36, ẹ sọ nípa ọdún Sigd wọn tó máa ń bọ́ sí àádọ́ta ọjọ́ lẹ́yìn Yom Kippur. Ẹ sọ nípa àwọn Júù Cochin ní Íńdíà, àwọn Júù Abayudaya ní Uganda. Ẹ ṣí Bíbélì fúnra ẹ̀: ìyàwó Mósè tó jẹ́ ará Kúṣì, Míríámù sọ̀rọ̀ ẹ̀ láìdáa, ẹ̀tẹ̀ bò ó. Rúùtù ọmọ Móábù, òun ló bí bàbá bàbá Dáfídì. Kẹ́ ẹ sì ra pẹ́ńsù aláwọ̀ tó ní oríṣi búráùn mẹ́rin márùn-ún. Ọmọ mi ọkùnrin fi àwọ̀ ọsàn kun ojú ara ẹ̀ fún odidi ọdún kan torí kò sí òmíì.

Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan irun wọn, kí tíṣà sọ fún un pé rárá. Kò gba ìpàdé.

8. Ẹ fún un ní ìgbálẹ̀

Ẹni tuntun tó bá ti lo oṣù mẹ́ta, ẹ fún un níṣẹ́. Kì í ṣe kẹ́ ẹ fi í sínú kọmití ọ̀rọ̀ àwọ̀, gbogbo wa ni wọ́n máa ń kó síbẹ̀. Kó ka Tórà tó bá lè kà á, kó ṣí àpótí tí Tórà wà, kó máa bójú tó owó. Ní New York, rábì àgbà Central Synagogue láti 2014 ni Angela Buchdahl, Koria ni wọ́n bí i sí, màmá ẹ̀ ẹlẹ́sìn Búdà, bàbá ẹ̀ Júù Amẹ́ríkà. Ọmọ ìran méjì tó ń darí ilé ńlá nìyẹn, ẹnì kan ló kọ́kọ́ fún un láàyè.

Tiwa kéré sí ìyẹn. Nígbà tọ́mọ mi pé ọmọ ọdún méjìlá wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ìwé àdúrà, òun ló ń kà wọ́n jáde tó sì ń kà wọ́n padà, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní lẹ́tà. Báyìí tó bá wọlé lọ́jọ́ Sátidé, kò sẹ́ni tó ń kí i káàbọ̀ mọ́. Wọ́n á ní "kọ́kọ́rọ́ dà, a ti ń dúró dè ẹ́."

9. Ẹjọ́

Ẹ yan ẹnì kan tí èèyàn lè lọ bá, kẹ́ ẹ lẹ orúkọ ẹ̀ sára ògiri, kó dáhùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ẹni yẹn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ rábì tímọ́tímọ́. Ó tán.

10. Ọjọ́ òfò

Ẹ má dúró dìgbà tí ẹnì kan bá kú kẹ́ ẹ tó béèrè bóyá ìyàwó tí kì í ṣe Júù lè sùn ti ọkọ ẹ̀ ní itẹ́ òkú ìjọ. Ibi kan gbà, ibi kan ò gbà, ẹ kọ ọ́ sínú pẹ́pà tí mo sọ níṣàájú.

Màmá mi kú lọ́dún tó kọjá. Abẹ́òkúta la sin ín sí, ní ìlànà Baptist, pẹ̀lú aṣọ ẹbí. Nígbà tá a padà sí London, ọmọ mi ní òun fẹ́ dìde ka Kaddish fún ìyá àgbà, àdúrà tí wọ́n máa ń kà fún ẹni tó bá ti lọ. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á gbà, onígbàgbọ́ ni màmá mi. Rábì ní kí ló fẹ́ dí i lọ́wọ́, ìyá àgbà ẹ̀ ni. Àwọn kan gbé oúnjẹ wá sílé fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ara wọn. Lọ́jọ́ Thursday, obìnrin tó máa ń ka orúkọ àwọn olóògbé pè mí lórí fóònù. Ó ní òun ti kọ orúkọ màmá mi sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ pè é kí n gbọ́. Ó pè é. Mo ní lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn ní àmì lábẹ́, kì í ṣe O, Ọ ni. Ó tún un pè. A wà lórí ẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, títí tó fi pè é bí bàbá mi ṣe máa ń pè é.